Ádápítà Wo Ló Tó Iná LED Bọ́?

Iná kan wà lóde òní tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ibi tí a kò ti í rí i. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn gbọọrọ, ó rí bí téèpù tí àwọn aránṣọ fi ń wọn ènìyàn, a sì máa ń ká a bí ẹní. Nínú oṣù Ràmàdáànì, wọ́n á fi yí ẹnu ọ̀nà mọ́sálááṣí ká. Níbi nìkáà, ẹ̀yìn àga ọkọ àti ìyàwó ló máa ń wà. Àwọn onígbàjámọ̀ fi yí dígí wọn ká, àwọn onílé sì fi há inú àjà POP tó wà ní pálọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń pè é ní strip light. Iná onítéèpù ni àwa yóò máa pè é nínú ọ̀rọ̀ wa yìí. Bí ènìyàn bá fẹ́ rà á, yóò bèèrè àwọ̀ rẹ̀, yóò bèèrè iye tí wọ́n ń ta róòlù kan, yóò ná an títí ọ̀rọ̀ yóò fi wọ̀. Ohun tí kì í bèèrè ni ohun tí yóò máa fún iná náà ní agbára, ìyẹn àpótí kékeré tí a ń pè ní ádápítà, tí àwọn ọlọ́jà mìíràn ń pè ní power supply. Ọlọ́jà á kàn na ọwọ́ sí àtẹ, á mú èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà, á ní, "Èyí á gbé e." Orí "á gbé e" yìí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Ẹnìkan lè bi wá pé kí ló kan olùkọ́ kéú nínú ọ̀rọ̀ iná mànàmáná. Ó kàn wá gan-an ni. Nítorí pé ilé-ìwé òyìnbó ló ń gba ojú ọ̀sán àwọn ọmọ, àárín ìrun Mọ̀gáríbì sí Ìṣáì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń kọ́ wọn. Nígbà tí àwa fúnra wa wà lọ́mọdé, ní nǹkan bí ọdún 1975 sí 1980, àtùpà oníkẹrosíìnì kan ṣoṣo ni gbogbo wa máa ń jókòó yí ká, oníkálukú pẹ̀lú wàláà rẹ̀. Èéfín á máa wọ̀ wá lójú, àwọn tó jókòó sẹ́yìn kò sì ní í rí ju òjìji lọ. Ẹni tó bá mọ Lárúbáwá mọ̀ pé àmì róbótó kéékèèké ló ya ba sọ́tọ̀ kúrò lára ta, tó sì ya ta sọ́tọ̀ kúrò lára tha: ọ̀kan nísàlẹ̀, méjì lókè, mẹ́ta lókè. Jim, ha àti kha náà, bákan náà ni. Bí iná bá ń ṣe báìbáì, ọmọ á pe ọ̀kan ní èkejì, pàṣán á sì sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀bi àtùpà ni, ẹ̀yìn ọmọ ló ń san gbèsè rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń ka iná mọ́ ohun èlò ìkọ́ni, bí a ṣe ń ka wàláà, kálàmù àti tàdáwà.

Ní ọdún 2023, Alhaji kan tí ọmọ rẹ̀ mẹ́ta wà lọ́dọ̀ wa fi iná onítéèpù róòlù méjì ṣe sàráà fún yàrá ìkàwé wa. Mítà 5 ni róòlù kọ̀ọ̀kan. Iná funfun ni, ó sì dára. Kí Allah san án ní ẹ̀san rere. Inú páálí kan náà ni ọlọ́jà fi ádápítà dúdú kékeré kan sí. Lára iná náà, wọ́n kọ ọ́ pé 12V, 14.4W ní mítà kan. Lára ádápítà, wọ́n kọ 12V, 2A. Àwọn ọ̀dọ́ ti gbé àkàbà wá, wọ́n fẹ́ gbé iná náà kọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. A ní kí wọ́n dúró ná. Àwọn kan kùn, wọ́n ní àfáà á máa wádìí ohun gbogbo bí ẹni tó ń wádìí àwọn tó gba hàdíìsì wá. Ó yẹ kí ẹ mọ bí yàrá náà ṣe rí kí ẹ tó dá wa lẹ́jọ́. Ọmọ bí 60 ló ń jókòó sínú rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní. Kápẹ́ẹ̀tì àti ẹní ni gbogbo ilẹ̀ rẹ̀, kọ́tìnnì sì wà lójú fèrèsé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹ jẹ́ kí a túmọ̀ ohun tí wọ́n ń kọ sára àwọn nǹkan wọ̀nyí, nítorí kò le tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Orúkọ ènìyàn ni wọ́n. V ni fóòtì, láti ara orúkọ Alessandro Volta, ará Ítálì. A ni áńpíà, láti ara orúkọ André-Marie Ampère, ará Faransé. W ni wáàtì, láti ara orúkọ James Watt, ará Scotland. Ẹ fi ojú inú wo táǹkì omi àlùwàlá tí a gbé ka orí òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálááṣí. Bí táǹkì bá ṣe ga tó ni omi ṣe ń fi agbára já wálẹ̀: fóòtì nìyẹn. Iye omi tó ń gba inú páìpù kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ni áńpíà. Bí a bá fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, wáàtì ni a ó rí, ìyẹn bí iṣẹ́ tí omi náà ń ṣe ti pọ̀ tó.

Ní ti fóòtì, ọgbọọgba ni kí ó jẹ́. Iná fóòtì 12 ń fẹ́ ádápítà fóòtì 12. Iná fóòtì 24 ń fẹ́ ti fóòtì 24. Ní ti áńpíà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ádápítà kì í ti áńpíà wọnú iná. Iná ló ń fa èyí tó bá nílò. Áńpíà tó pọ̀ lára ádápítà kò lè ba iná jẹ́, bí táǹkì ńlá kò ṣe lè ba ẹnu ẹ̀rọ omi jẹ́. Èyí tó kéré ni ewu wà lára rẹ̀. Àwọn ènìyàn wa sì yí ọ̀rọ̀ náà sódì. Bí wọ́n bá rí áńpíà 15, ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á ní yóò jó iná àwọn. Bẹ́ẹ̀ ni fóòtì tí kò bá ara mu kì í bà wọ́n lẹ́rù rárá.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Mítà kan ń jẹ wáàtì 14.4, mítà 5 á jẹ 72, róòlù méjì á jẹ 144. Bí a bá fi 12 pín 144, áńpíà 12 ni iná náà yóò máa fà. Ádápítà tí wọ́n fún wa, áńpíà 2 ni agbára rẹ̀, ìyẹn wáàtì 24. Ìdá kan nínú mẹ́ta róòlù kan péré ló lè gbé. Ẹ̀wẹ̀, kò dára kí a ra èyí tó ṣe wẹ́kú pẹ̀lú ohun tí iná ń fà, nítorí ẹni tó ń ru ẹrù tó kún agbára rẹ̀ dé góńgó lójoojúmọ́ kò ní í pẹ́ ṣubú. A máa ń fi ìdá kan nínú márùn-ún lé e, ó kéré tán. Ìdá kan nínú márùn-ún 12 jẹ́ 2.4, ó di 14.4. Èyí tó wà lọ́jà tó sún mọ́ ọn jù lọ ni áńpíà 15, wáàtì 180.

Kì í ṣe gbogbo iná onítéèpù ló ń jẹun bákan náà. Èyí tí wọ́n ń pè ní 5050, tó ní ẹyin iná 60 ní mítà kan, ni a ń sọ yìí. Òǹkà náà kì í ṣe àdììtú: fífẹ̀ ẹyin iná kọ̀ọ̀kan ni, mìlímítà 5.0 lọ́nà méjèèjì. Èyí tí wọ́n ń pè ní 3528, mìlímítà 3.5 sí 2.8, kéré jù ú lọ. Bí òun náà bá ní ẹyin 60 ní mítà kan, wáàtì 4.8 ló sábà máa ń jẹ, róòlù rẹ̀ kan á sì jẹ 24. Ó hàn gbangba pé ti irú iná kékeré bẹ́ẹ̀ ni ádápítà tí wọ́n fi sínú páálí wa, àní òun náà á gbé e pẹ̀lú ìnira ni.

Kí ni ì bá ṣẹlẹ̀ bí a bá gbà kí wọ́n tan án? Ádápítà tí wọ́n ṣe dáadáa mọ ara rẹ̀. Bí ẹrù bá pọ̀ jù fún un, á pa ara rẹ̀, á tún gbìyànjú, á tún kú, iná á sì máa ṣẹ́jú pàkòpàkò. Ìyẹn kàn ń dani láàmú ni. Èyí tí wọ́n ṣe ní ṣákálá kò mọ ara rẹ̀. Á máa gbé e lọ, á máa gbóná, títí ike ara rẹ̀ yóò fi rọ̀ bí orí tí a yọ́. Ní ọdún 2021, nínú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan ládùúgbò wa, irú rẹ̀ ló mú aṣọ tí wọ́n fi kọ́ ògiri. Ádápítà áńpíà 2 ló ń bọ́ róòlù ńlá kan níbẹ̀, wọ́n sì fi í pamọ́ sẹ́yìn aṣọ náà kí ó má baà hàn. Ìrun Ìṣáì ni wọ́n lọ kí. Kí wọ́n tó dé, aṣọ oníbàárà mẹ́tàdínlógún ti lọ, ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ti lọ. Ọpẹ́ ni fún Allah pé kò sí ẹ̀mí nínú ilé. A ronú nípa ọmọ 60 àti ilẹ̀kùn kan.

Ó wá ku bí a ó ṣe sọ fún Alhaji. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn gba sùúrù. Ẹni tó fi owó rẹ̀ ṣe rere, a kì í dójú tì í láàárín ìgbìmọ̀. Ilé rẹ̀ ni a lọ lọ́wọ́ alẹ́, pẹ̀lú ìwé tí a fi ṣírò.

A ní, "Alhaji, ẹ kú ìnáwó. Iná yín dára. Ohun tí yóò máa bọ́ ọ ni kò tó."

Ó wo ìwé náà títí. Ó ní, "Àfáà, èmi rò pé ẹni tó bá ti ra iná, ó ti rà á tán ni. Ṣé kì í ṣe pé àwọn ọlọ́jà fẹ́ jẹ yín lówó?"

A ní kí ó fi 12 pín 144 fúnra rẹ̀. Ó mú fóònù rẹ̀, ó ṣe é. Ó tún un ṣe. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun tí òun ń ta sìmẹ́ǹtì, òun mọ̀ pé ọkọ̀ tọ́ọ̀nù méjì kì í gbé tọ́ọ̀nù méjìlá. Ó san owó èyí tó tóbi. Ti kékeré náà kò ṣòfò: kámẹ́rà tí ó fi ń ṣọ́ ẹnu géètì rẹ̀ ń fẹ́ fóòtì 12, kò sì fa tó áńpíà 1. Ibẹ̀ ni ó gbé e lọ.

Ọjà ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Yálà Àlàbà ní Òjó ni ẹ ti ń rà á, tàbí ọjà tó wà nítòsí yín, ẹ ó pàdé irú ohun tí a pàdé. Ọmọkùnrin tó dá wa lóhùn kọ́kọ́ gbé ṣájà kọ̀ǹpútà alágbèéká sílẹ̀. Ó ní, "Àfáà, èyí lágbára jù ú lọ, kò sì wọ́n." A yí i padà, a ka ìdí rẹ̀: fóòtì 19.5. A ní, "Ọmọ mi, fóòtì 12 ni tiwa." Ó ní kò burú, pé iná náà á kàn mọ́lẹ̀ sí i ni. Òótọ́ ló sọ. Á mọ́lẹ̀ sí i fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú. Nínú iná onítéèpù fóòtì 12, ẹyin iná mẹ́ta-mẹ́ta ló ń pín fóòtì náà láàárín ara wọn, ohun kékeré dúdú kan sì wà pẹ̀lú wọn tó ń gba èyí tó bá ṣẹ́kù. Àwọn ẹyin mẹ́ta ń gba bíi fóòtì 9 ààbọ̀, ohun dúdú yẹn ń gba bíi 2 ààbọ̀. Bí a bá wá fún wọn ní 19.5, ẹrù tó bọ́ sí i lọ́rùn á ju ìlọ́po mẹ́ta lọ, iná tó ń sáré nínú wọn á ju ìlọ́po mẹ́ta lọ, a ó sì máa gbọ́ òórùn kí a tó rí èéfín.

Ó tún gbé òmíràn wá. Wọ́n kọ LED Driver gàdàgbà sí i lára. Ó ní, "Ẹ wò ó, orúkọ LED ló wà lára rẹ̀." A ka ìlà kejì: OUTPUT 25-42V, 300mA. Ti iná róbótó tí wọ́n ń rì mọ́ àjà POP nìyẹn. Irú rẹ̀ kì í di fóòtì mú, áńpíà ló ń dì mú, á sì máa gbé fóòtì sókè-sódò títí yóò fi rí áńpíà tó ń wá. Iná onítéèpù ń fẹ́ èyí tí fóòtì rẹ̀ dúró sójú kan. Ẹni tó bá rí fóòtì méjì tí ìlà kékeré wà láàárín wọn níbi OUTPUT, kí ó dá a padà. Kí ó tún wò ó bóyá wọ́n kọ DC sí i, tàbí ìlà gígùn kan tí ìlà kéékèèké mẹ́ta wà lábẹ́ rẹ̀. Ohun kan náà ni méjèèjì ń sọ. Èyí tí wọ́n kọ AC sí níbi OUTPUT, ti irú gílóòbù àtijọ́ kan ni, kì í ṣe ti LED wa.

Níbi INPUT, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ 100-240V sí. Fóòtì 230 ló yẹ kí ó máa wọ ilé wa ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ ohun tí ojú wa ń rí ní agogo mẹ́jọ alẹ́, tí iná á lọ sílẹ̀ dé 150 tí fáànù kò ní í lè yí. Ádápítà oní-100-240V kò ní í mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ó wá ní irú kan nínú àwọn onírin tó ní súwíìṣì pupa kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́, 115 lápá kan, 230 lápá kejì. Ẹ rí i dájú pé ó wà ní 230 kí ẹ tó so ó mọ́ iná. Bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀ sí 115, ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ tan án ni yóò gbẹ́yìn.

Àpótí onírin tó ní ihò wẹ́wẹ́ lára ni a rà, fóòtì 12, áńpíà 15. Ó dára, atẹ́gùn ń wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò rí bí ṣájà fóònù tí a kàn ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ojú ìdè rẹ̀ wà níta: L àti N ni iná 230 ń gbà wọlé, àmì ilẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, V+ àti V- sì ni fóòtì 12 ń gbà jáde. Fóòtì 12 kì í pa ọmọdé. 230 tó wà ní nǹkan bí ìka ọwọ́ mẹ́ta sí i, á pa á. Nítorí náà oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ ni kí ó so ó, kí ó so wáyà ilẹ̀ mọ́ ibi tó yẹ, kí ó sì fi ìdérí bo ojú ìdè náà. Lókè ògiri ni a gbé tiwa sí, níbi tí ọwọ́ ọmọ kò lè tó, nínú àpótí onírin tó ní ihò lókè àti nísàlẹ̀. Àwọn kan máa ń tì í bọnú àjà POP, wọ́n á sì rẹ́ ẹ pa. Ibẹ̀ gbóná ju ìta lọ, kò sí atẹ́gùn, kò sì sí ẹni tí yóò rí i bí ó bá ń yọ́. Àwọn mìíràn ń gba wáyà abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì mọ́sálááṣí, tí gbogbo jámáà ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́. A kò mọ irú ẹwà tí wọ́n ń wá.

Ẹ padà sí ibi àlùwàlá wa. Gbogbo yín ti rí i lọ́jọ́ Jímọ̀: bí wọ́n bá ṣí ẹnu ẹ̀rọ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lẹ́ẹ̀kan náà, ti àkọ́kọ́ á máa tú yàà, ti ìkẹwàá á máa kán tó-tó-tó. Páìpù tó tẹ́ẹ́rẹ́ ló fà á, táǹkì kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iná onítéèpù. Bàbà pẹlẹbẹ inú rẹ̀ kò nípọn rárá. Bí a bá so róòlù méjì pọ̀ di mítà 10, tí a fi iná sí ẹnu kan, ìdí rẹ̀ á máa ṣe báìbáì, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ á sì máa gbóná, nítorí oúnjẹ róòlù méjèèjì ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Róòlù kọ̀ọ̀kan ni kí ó ní wáyà tirẹ̀ láti ara ádápítà.

Wáyà náà ńkọ́? Iná tí fóòtì rẹ̀ kéré máa ń fẹ́ wáyà tó nípọn. Bí ádápítà bá wà ní mítà 10 sí iná, tí a lo wáyà 0.75 tí wọ́n fi ń ṣe okùn fáànù, tí áńpíà 6 sì ń gbà á kọjá, ó lè tó fóòtì 2 sí 3 tí yóò sọ nù lójú ọ̀nà. Iná tó yẹ kí ó gba 12 á gba nǹkan bíi 9 sí 10, á sì pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn. Pẹ̀lú wáyà 2.5, èyí tí a fi ń ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé, ohun tó sọ nù kò ní í pé fóòtì 1. Ohun tí àwa ṣe ju ìyẹn lọ: a gbé ádápítà súnmọ́ iná, ó ku mítà 3, a sì lo 2.5. Ó sàn kí okùn iná 230 gùn ju kí ti fóòtì 12 gùn. Ẹni tí gbọ̀ngàn rẹ̀ bá tóbi gan-an, kí ó ra iná fóòtì 24 àti ádápítà fóòtì 24. Áńpíà tí yóò máa rìn nínú wáyà rẹ̀ á dín sí ìdajì.

Àwọn òbí kan bi wá nípa sólà, nítorí iná ìjọba kò ṣeé gbára lé, owó epo jẹnẹrétọ̀ sì ti gun òkè àjà. A lè so iná fóòtì 12 mọ́ bátìrì fóòtì 12 tààrà láìlo ìńfátà, iná á sì mọ́. Bátìrì tó kún tó sì ń sinmi máa ń wà ní bíi fóòtì 12.7, ìyẹn kò pa iná lára púpọ̀. Àmọ́ nígbà tí wọ́n bá ń gba agbára sí i, á gùn dé 14.4. Bí iná bá wà ní títàn lákòókò yẹn, á máa gbóná ju bó ti yẹ lọ, ọjọ́ ayé rẹ̀ á sì gé kúrú. Ohun kékeré kan wà lọ́jà tí wọ́n ń pè ní DC converter. A ó fi sáàárín bátìrì àti iná, á máa gba èyí tó ga, á sì máa fún iná ní 12 tó dúró. Òun náà ní áńpíà tirẹ̀, ìṣirò kan náà ni a ó ṣe fún un. Fíúùsì gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu bátìrì, nítorí bí wáyà méjèèjì bá pàdé, bátìrì kò mọ 15 áńpíà, á tú ọgọ́rọ̀ọ̀rún jáde, wáyà á sì pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ. Ní ti bí yóò ti pẹ́ tó: bátìrì àtijọ́ oní-100Ah ní bíi wáàtì-wákàtí 1200 nínú, a kì í sì í lò ju ìdajì lọ kí ó má baà tètè kú. Iná wa tó ń jẹ 144 á lo bíi wákàtí mẹ́rin níbẹ̀. Kéú wa kò ju wákàtí méjì lọ.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ kò gbà wá lákòókò. Èyí tó ń yí padà láti pupa sí àwọ̀ ewé sí àwọ̀ aró dára fún òde ìyàwó àti wòlímọ̀. Ẹni tó fẹ́ kàwé, kí ó ra funfun. (Iná funfun yìí gan-an, àwọn tó rí ọ̀nà ṣe LED aláwọ̀ aró ló jẹ́ kí ó ṣeé ṣe, ní ọdún 2014 ni wọ́n fún Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura ní ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀.)

Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ádápítà lè purọ́. A ti rí èyí tí wọ́n kọ áńpíà 10 sí tó fúyẹ́ bí páálí ìṣáná. Kí a tó gbé tiwa kọ́, a ní kí oníṣẹ́ iná tú róòlù méjèèjì kúrò ní kíká, kí ó tẹ́ wọn sílẹ̀, nítorí iná onítéèpù tó bá wà ní kíká tí a tàn án á se ara rẹ̀ jinná. Ó tan gbogbo rẹ̀ fún wákàtí kan gbáko, ó sì fi mítà wọn fóòtì rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 12.1, ó parí ní 12.0. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ ní 12 tó sì lọ sí 10 nígbà tí ẹrù wà lórí rẹ̀, irọ́ ni ó kọ sára. Ó pa iná, ó yọ wáyà, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ara irin náà: ó lọ́wọ́ọ́wọ́, kò jó ni. A gbé kámẹ́rà fóònù sí iná náà nígbà tó ń tàn, kò sí ìlà dúdú tó ń rìn kọjá lójú rẹ̀, ìyẹn ni pé kò máa ṣẹ́jú fún ojú àwọn ọmọ láìjẹ́ pé a mọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ọmọ tó jókòó sí ìlà tó kẹ́yìn pátápátá ka ojú ewé kan, kò ṣi tha pè ní ta.

A ti fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ sára àpótí náà lókè ògiri: 12V, 15A, róòlù méjì. Ìyá àwọn ọmọ kan ti wá sọ pé òun fẹ́ fi róòlù kẹta kún un, kí ibi tí àwọn ọmọbìnrin ń jókòó sí lè mọ́ sí i. A jọ ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí wàláà. Róòlù mẹ́ta jẹ́ wáàtì 216, áńpíà 18, àpótí tó wà níbẹ̀ kò sì ju 15 lọ. Nítorí náà ádápítà tirẹ̀ ni róòlù náà yóò ní lọ́tọ̀. Áńpíà 6 ni yóò máa fà. Áńpíà 10 ni a ní kí Ìyá rà, wọ́n sì ti ní kí a fún àwọn di òpin oṣù.